Kíìtì ìdánwò bàbà fún omi ọmọ ẹja: èyí tó yẹ kẹ́ ẹ náwó lé àti èyí tí kò yẹ

Bí ẹyin ẹja bá pa dáadáa, tí àwọn ọmọ wá ń kú lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin láìsí egbò, láìsí funfun lára, ìmọ̀ràn tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ẹ ra kíìtì kí ẹ fi wo bóyá bàbà (copper) wà nínú omi. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ọ̀pọ̀ kíìtì tó wà lórí àtẹ kò lè rí bàbà tó ń pa ọmọ ẹja. Ẹni tó ń fi bàbà tọ́jú àgbà ẹja, tó fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn òun ti tó, ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ẹja ọlọ́jọ́ méjì lọ́wọ́ yàtọ̀: bàbà tí kò tó ìdá ogún èyí tí irú kíìtì bẹ́ẹ̀ lè fi hàn ti tó láti ṣe tirẹ̀ báṣubàṣu.

Nítorí náà, a kò ní wo bí àpótí ṣe dára tàbí bí ìwé inú rẹ̀ ṣe rọrùn kà. Ohun tí a ń bi ọjà kọ̀ọ̀kan ni pé: ṣé ó lè sọ ohun tí ọmọ ẹja yóò mọ̀ kí ọmọ ẹja tó mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. 1 mg/L, ìyẹn mílígíráàmù kan nínú lítà omi kan, ni 1000 µg/L (máíkírógíráàmù). Àwọn kan máa ń pe mg/L ní ppm, wọ́n a sì pe µg/L ní ppb. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ààlà bàbà nínú omi mímu sí 2 mg/L. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, ní ìṣirò kan tó fi ṣe ààlà títí di ọdún 2007 fún odò àti adágún, tó gbé bàbà lé líle omi (ìyẹn iye kálíṣíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù inú rẹ̀). Níbi tí líle omi bá ti jẹ́ 100 mg/L, bàbà tó ti yọ́ sínú omi kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí 13 µg/L lọ fún ìgbà díẹ̀, tàbí 9 µg/L fún ìgbà pípẹ́. Bí líle omi bá wálẹ̀ sí 50, nọ́ńbà méjèèjì á di nǹkan bí 7 àti 5. Ẹ fi 2000 wé 9: omi tí òfin gbà kí ènìyàn máa mu lójoojúmọ́ lè ní bàbà tó ju igba ìlọ́po èyí tí ẹja lè fara dà fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé omi ẹ̀rọ yìí dára torí pé àwa náà ń mu ún kò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹja kọ́ ló ń sọ.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ iyọ̀. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja tó ń gbé inú omi tí kò níyọ̀ pọ̀ ju ti omi tó yí i ká lọ. Iyọ̀ náà ń jò jáde tọ̀sán-tòru, ẹja sì gbọ́dọ̀ máa fa òmíràn wọlé láti inú omi. Lára àgbà ẹja, inú ẹ̀yà ìmí tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀ sí. Ẹ̀yà ìmí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tí ì dàgbà, nítorí náà awọ ara rẹ̀ àti orí àpò pupa ẹyin tó gbé sábẹ́ ikùn ni tirẹ̀ wà. Gbogbo ara ló fi ń bá omi ṣe pọ̀. Bàbà máa ń dí ọ̀nà tí sódíọ́mù, tó wà lára iyọ̀ yìí, ń gbà wọlé, ó sì ń dá ẹ́ńsáìmù Na⁺/K⁺-ATPase tó ń ti sódíọ́mù náà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kọ́. Bí ẹja bá ṣe kéré tó ni iyọ̀ ara rẹ̀ ṣe ń yára wọlé, yára jáde tó. Tí ọ̀nà ìwọlé bá wá dí, iyọ̀ ọmọ ẹja á ti tán kí àgbà tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Kí ó tó di ikú, ọgbọ́n orí rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Bàbà tí kò ju µg/L mélòó kan lọ ti tó láti mú kí imú ọmọ ẹja salmon oríṣi coho má gbọ́ òórùn tó ń kìlọ̀ ewu fún un mọ́. Ara ẹja zebrafish tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, tó fi ń mọ ìgbà tí omi bá mì. Bí bàbà bá tó nǹkan bí 20 µg/L, wákàtí mẹ́ta péré ló fi ń pa nínú wọn. Irú ọmọ ẹja bẹ́ẹ̀ á ṣì máa wẹ̀. Ẹ ó kàn rí i pé kò sá nígbà tí ẹ fọwọ́ kan abọ́, pé oúnjẹ ń kọjá níwájú rẹ̀ tí kò bù ú jẹ.

Ẹ má fi ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣèdájọ́ o. Èèpo ẹyin ń mú lára mẹ́táàlì bí i bàbà dúró síta. Ní ti ẹja trout, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tó ṣì dùbúlẹ̀ lórí àpò pupa ẹyin rẹ̀, máa ń fara da bàbà ju èyí tó ti gbéra wá sókè láti wá oúnjẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí omi kan náà fi lè jẹ́ kí gbogbo ẹyin pa dáadáa, kó tún wá pa ọmọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ó yá, ó di orí ọjà.

Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rì bọ omi: ẹ fi sílẹ̀. Kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín 0 àti 10 µg/L, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ọ̀ràn yìí wà.

Kíìtì ẹlẹ́kàn, èyí tí a ń kán oògùn sínú ìgò tí a wá fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ìwé, sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ mìíràn ni. Ìwé àwọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fò láti 0 bọ́ sí 0.25 mg/L, ìyẹn 250 µg/L. Nínú omi tí líle rẹ̀ jẹ́ 50, èyí ti fi ìlọ́po márùndínlógójì ju ààlà ìgbà díẹ̀ ti EPA lọ. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní 0, “ojú kò rí nǹkan kan” ni ó túmọ̀ sí. Bí ẹ bá ti ní in nílé, ẹ lò ó fún ohun méjì. Èkíní ni omi tó sùn sínú páìpù bàbà mọ́jú: ẹ gba ìdajì lítà tó kọ́kọ́ jáde, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí omi máa dà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ti àkọ́kọ́ bá ní àwọ̀ tí ti ìkejì kò ní, páìpù yín ni ọ̀daràn. Ìkejì ni adágún tí wọ́n da bàbà sọ́fétì sí láti fi pa ewédò. Ìlànà tí wọ́n sábà ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n fi 100 pín álíkálínítì omi (agbára omi láti gba ásíìdì mọ́ra), kí iye tó bá jáde jẹ́ mg/L bàbà sọ́fétì tí wọ́n ó dà sí i. Bí álíkálínítì kò bá tó 50 mg/L, kí wọ́n má dà á rárá. Tí álíkálínítì bá jẹ́ 100, wọ́n á da 1 mg/L, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì ni bàbà gan-an, torí náà 250 µg/L bàbà ló máa wà nínú omi lọ́jọ́ náà. Àgbà ẹja lè gbà á mọ́ra. Ẹ má gbé irú omi bẹ́ẹ̀ wọ ibi tí ọmọ ẹja wà.

Mítà kékeré tó ń fi iná ka àwọ̀

Ibí ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ, ibẹ̀ náà ni àṣìlò pọ̀ sí jù. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ni HI747 ti ilé iṣẹ́ Hanna, tó ń ka bàbà láti 0 dé 999 ppb, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń gun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Ẹ da 10 mL omi sínú ìgò kékeré, ẹ kì í bọ mítà kó mú odo, ẹ da ìyẹ̀fun inú sàṣẹ́ kan sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, ẹ dúró iye àkókò tí ìwé rẹ̀ wí, kí ẹ tó kà á. Ìyẹ̀fun náà ni bicinchoninate. Ó ń sọ bàbà di àwọ̀ àlùkò, mítà á sì wọn bí àwọ̀ náà ṣe dúdú tó.

Nọ́ńbà tó ń gun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yìí ló ń tan ènìyàn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ó lè ṣì tó 10 ppb sókè tàbí sísàlẹ̀, kí a sì fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó kà kún un. Bí mítà bá kọ 10, ó lè jẹ́ pé kò sí bàbà kankan nínú omi náà, ó sì lè jẹ́ pé ó ju 20 lọ. Nínú omi rírọ̀, ikú àti ìyè ọmọ ẹja ni ìyàtọ̀ yẹn. Nítorí náà, ìdájọ́ wa lórí rẹ̀ kò díjú: bí ó bá kọ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má lo omi náà. Bí ó bá kọ ohun tí kò tó 20, kò tíì sọ ohunkóhun fún yín.

Ohun tó ń mú un ṣì ju èyí tí ilé iṣẹ́ sọ lọ náà wà. Ìka tó fi epo sára ìgò ń mú kí nọ́ńbà gòkè, torí náà ẹ fi aṣọ tí kò ní fọ́nrán nù ún kí ẹ tó kì í, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Èéhó afẹ́fẹ́ kékeré tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò lẹ́yìn gbígbọ̀n náà ń gbé e gòkè. Ẹ rọra fi ìka ta ìdí ìgò kí wọ́n gòkè lọ. Omi tó ní erùpẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀: bí ẹ bá mú odo nígbà tí erùpẹ̀ ṣì ń léfòó, tí ó wá rọlẹ̀ kí ẹ tó kà á, mítà á kọ iye tó kéré ju òtítọ́ lọ. Kí ẹ kọ́kọ́ sẹ́ omi ni oògùn rẹ̀. Ìgò tí ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan lẹ́yìn iṣẹ́ àná lè gbé bàbà àná wá sínú ti òní. Omi distilled, ìyẹn omi tí wọ́n fi ooru sọ di mímọ́, ni kí ẹ fi ṣan án. Omi tó pẹ́ nínú ike láìsí ásíìdì nínú rẹ̀ sì máa ń pàdánù bàbà sára ike náà, nítorí náà ẹ kà á ní kété tí ẹ bù ú.

Kí ẹ tó gba mítà kankan gbọ́, ẹ fi omi tí ẹ mọ bàbà inú rẹ̀ dán an wò. Ẹ wọn 3.93 g bàbà sọ́fétì aláwọ̀ búlúù tí kò tíì ṣá di funfun, ẹ pò ó mọ́ omi distilled títí yóò fi pé lítà kan. Èyí ní bàbà 1000 mg/L. Ẹ bu 1 mL nínú rẹ̀, ẹ fi omi distilled sọ ọ́ di lítà kan: ó di 1 mg/L. Ẹ bu 50 mL nínú ìkejì yìí, ẹ tún sọ ọ́ di lítà kan, ó di 50 µg/L. Bí ẹ bá bu 20 mL, 20 µg/L lẹ ó ní. Ẹ ka omi distilled lásán, ẹ ka 20, ẹ ka 50, kálukú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mítà tí kò lè fi ìyàtọ̀ tó dúró hàn láàárín omi lásán àti 20 kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹja, ohun yòówù kí àpótí rẹ̀ sọ. Ẹ pò ó lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó, torí bàbà inú èyí tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó lẹ̀ mọ́ ìgò. Ẹ kọ orúkọ sára ìgò àkọ́kọ́, ẹ gbé e jìnnà sí ibi tí ẹja wà, torí pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ tó bá ta sínú tánkì ti tó láti pa gbogbo wọn.

Ọ̀nà kan wà tó dára ju bicinchoninate lọ fún ìwọ̀n kékeré, òun ni porphyrin. Ti ilé iṣẹ́ Hach ń ka láti 2 dé 210 µg/L. Oríṣi oògùn rẹ̀ pọ̀, ó ń gba àkókò, ó sì nílò ohun èlò tó tóbi ju ti ọwọ́ lọ. Bí ẹ bá ní hatchery, ibi tí a ti ń pa ẹyin ẹja, tí ẹyin ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ni ó tọ́ sí yín. Ẹni tó ń pa ẹyin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò nílò rẹ̀, kí ó fi owó rẹ̀ sí láàbù.

Kíìtì líle omi, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí

Ká ní kíìtì kan ṣoṣo lẹ lè rà, èyí ni kí ẹ rà. Omi líle ni omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, torí kálíṣíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù tó wà níbẹ̀. Kálíṣíọ́mù àti mẹ́táàlì ń du àyè kan náà lára ẹja. Bí kálíṣíọ́mù bá ti gba àyè náà, mẹ́táàlì kò rí ibi jókòó. Ìdí tí ìṣirò EPA fi gbé bàbà lé líle omi nìyẹn, ìdí náà sì ni tí 15 µg/L fi lè ṣe iṣẹ́ ibi nínú omi òjò, kó sì má fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn nínú omi kànga tó wá láti inú òkúta ẹfun.

Kíìtì ẹlẹ́kàn GH (líle omi) àti KH (álíkálínítì) rọrùn, ó sì ń sọ òótọ́. Nínú 5 mL omi, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí àwọ̀ yóò fi yí padà ń dúró fún ìwọ̀n kan, ìwọ̀n kan sì jẹ́ 17.8 mg/L. Ẹ fi omi 10 mL ṣe é, kí ẹ̀kán kan di ìdajì ìwọ̀n, bí omi yín bá rọ̀. Ẹ di ìgò ẹ̀kán náà mú ní òòró ganranjan; bí ó bá dagun, ẹ̀kán á tóbi ju ara wọn lọ, ìṣirò á sì dojú rú. Àlébù rẹ̀ kan ni pé kò ya kálíṣíọ́mù sọ́tọ̀ kúrò lára magnẹ́síọ́mù, kálíṣíọ́mù ló sì ń gbèjà ọmọ ẹja jù, pàápàá lọ́wọ́ síńkì àti kádímíọ́mù.

Bí líle omi bá kéré sí 50 mg/L, ẹ gbé e sókè kí ẹyin tó wọlé. Kálíṣíọ́mù kílóráìdì tí ó jẹ́ CaCl₂·2H₂O ni kí ẹ lò: 1.47 mg rẹ̀ nínú lítà kan ń gbé líle sókè ní 1 mg/L. Láti fi 50 kún omi 100 lítà, 7.35 g ni. Ẹ yọ́ ọ sínú garawa lọ́tọ̀ kí ẹ tó dà á wọlé, torí ó máa ń gbóná bó ṣe ń yọ́. Kì í gbé álíkálínítì sókè, nítorí náà bí KH bá kéré pẹ̀lú, sódíọ́mù báíkábónéètì díẹ̀ ni ẹ ó fi kún un. Èyí kò ní mú bàbà kúrò nínú omi o. Ó kàn ń mú kí ọmọ ẹja lè fara dà á ni.

Oògùn tó ní òun ń di mẹ́táàlì

Ẹ yí ìgò padà, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí thiosulfate nìkan ló bá wà níbẹ̀, oògùn kílóríìnì ni, ẹ má retí kí ó gbà yín lọ́wọ́ bàbà. Èyí tó ní EDTA ni ó ń di mẹ́táàlì ní tòótọ́, bàbà tí EDTA bá sì ti dì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ ara ẹja. EDTA fẹ́ràn bàbà ju kálíṣíọ́mù lọ púpọ̀púpọ̀, torí náà omi líle kò ní ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Iye tí a nílò kéré jọjọ: 5.9 mg disodium EDTA fún 1 mg bàbà. Tánkì 100 lítà tó ní 20 µg/L ní bàbà 2 mg péré, 12 mg EDTA ti tó fún un. Ẹ yọ́ 1 g sínú lítà kan, kí ẹ fi síríńjì fa 12 mL. Ẹ má da àdàjù: nínú omi rírọ̀, EDTA tó bá ṣẹ́kù á bẹ̀rẹ̀ sí í di kálíṣíọ́mù tó yẹ kó gbèjà ọmọ ẹja.

Àríyànjiyàn tó sábà ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé mítà ṣì ń kọ nọ́ńbà kan náà, àwọn ènìyàn a wá pariwo pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Àwọn kíìtì kan máa ń ka bàbà tí a ti dì mọ́ èyí tó wà lómìnira. Bàbà náà ò tíì lọ. Ó ṣì wà nínú omi títí ẹ ó fi pààrọ̀ omi. Ohun tó yí padà ni ohun tí ó lè ṣe fún ẹja.

Èédú asẹ́ omi ni èyí tí a kò bá wọn gbà rárá nídìí ọ̀ràn yìí. Kò dára tó láti mú bàbà, ṣùgbọ́n ó dára púpọ̀ láti fa àwọ̀ igi àti ewé tó ti rà sínú omi kúrò, àwọ̀ yẹn gan-an sì wà lára ohun tó ń di bàbà mú. Omi tó ń dán gbinrin lẹ́yìn èédú lè burú fún ọmọ ẹja ju omi aláwọ̀ tíì tó wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Láàbù

Iṣẹ́ tí ẹ ó béèrè ni ICP-MS, ẹ̀rọ tó ń wọn mẹ́táàlì tó kéré gan-an nínú omi, fún bàbà, síńkì, òjé, kádímíọ́mù àti alumíníọ́mù, pẹ̀lú kálíṣíọ́mù, magnẹ́síọ́mù àti sódíọ́mù. Ó lè rí ohun tí kò tó 1 µg/L. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó: kí ni ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ lè kà? Bí wọ́n bá ní 10 µg/L, tàbí tí wọ́n kàn ní àwọn ń yẹ omi mímu wò, ẹ wá ibòmíràn.

Bí a ṣe bu omi náà ló sábà ń ba èsì jẹ́. Ìgò HDPE (oríṣi ike líle kan) tí láàbù ti fi ásíìdì fọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ike omi tí ẹ mu tán. Ẹ gba méjì láti ibì kan náà. Ẹ sẹ́ ọ̀kan gba asẹ́ 0.45 µm lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó fi ásíìdì nítíríkì mú pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) wá sábẹ́ 2. Èyí ni bàbà tó yọ́. Ẹ fi ásíìdì sí èkejì láìsẹ́ ẹ; èyí ni àpapọ̀. Ẹni tó bá fi ásíìdì sí i kó tó sẹ́ ẹ ti yọ́ ohun tó wà lára erùpẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà tó máa rí á dẹ́rù bà á lásán. Ẹ fi omi distilled sínú ìgò kẹta, kí ẹ ṣe é bí àwọn yòókù. Bí bàbà bá jáde nínú rẹ̀, láti ọwọ́ yín tàbí láti inú asẹ́ ló ti wá. Bí ẹ bá lè fi kún owó, ẹ ní kí wọ́n wọn kábọ́ọ̀nù ohun alààyè tó yọ́ sínú omi pẹ̀lú, torí pé láti ọdún 2007 ni EPA ti ń fi ìṣirò Biotic Ligand Model ṣe ààlà bàbà, ìṣirò náà sì nílò rẹ̀ pẹ̀lú pH, ìgbóná omi àti àwọn iyọ̀.

Láàbù nìkan ló tún lè dá yín lóhùn lórí mẹ́táàlì tí kíìtì bàbà kò lè rí. Síńkì ń yọ́ láti ara páànù òrùlé àti tánkì onípáànù bí omi òjò bá dúró sínú wọn. Ní líle 100, ààlà EPA rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 120 µg/L. Ti kádímíọ́mù kéré ju ìyẹn lọ jìnnà, 1.8 µg/L fún ìgbà díẹ̀ àti 0.72 fún ìgbà pípẹ́, torí pé ọ̀nà kálíṣíọ́mù ló ń gbà wọ ara ẹja. Òjé máa ń sọ ìrù ọmọ trout di dúdú, ó sì ń tẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Alumíníọ́mù kì í dá wàhálà sílẹ̀ títí omi yóò fi kan. Nígbà náà ó máa ń dì mọ́ ẹ̀yà ìmí, ikun tó ń yọ̀ á bò ó, ẹja á máa mí gúlegúle lójú omi bí ẹni tí kò rí atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn wà. Èyí tó bá gba inú oúnjẹ wọlé tàbí tí ìyá fi sínú ẹyin, bí i mákíúrì, kò sí omi tí ẹ ó fi ránṣẹ́ tí yóò fi í hàn.

Ọmọ ẹja fúnra rẹ̀

Àwọn láàbù kan ń ṣe ìdánwò OECD 236, ìlànà àgbáyé kan fún dídán omi tàbí oògùn wò, lórí ẹyin zebrafish: ẹyin ogún fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, wákàtí 96, wọ́n á máa wò bóyá ẹyin dì, bóyá ara kò pín sí ìpele, bóyá ìrù kò yà kúrò lára pupa ẹyin, bóyá ọkàn kò lù. Ó dára fún ẹni tó nílò ìwé tó ní òǹtẹ̀. Àmọ́ omi tiyín àti irú ẹja tiyín ló ṣe pàtàkì sí yín, èyí sì ṣeé ṣe nílé láìsí ohun èlò kankan ju abọ́ gíláàsì lọ.

Ẹ wá abọ́ mẹ́fà tó gba lítà kan. Ẹ da omi tí ẹ mọ̀ pé ọmọ ẹja ń yè nínú rẹ̀ sí méjì, omi tí ẹ ń fura sí sí méjì, omi tí ẹ ń fura sí tí ẹ ti fi EDTA sí sínú méjì tó kù. Ẹ ka ọmọ ogún sínú kálukú, gbogbo wọn láti inú ẹyin ìyá kan. Ike ni kí ẹ fi bù wọ́n, kì í ṣe asẹ́ onírin. Ìgbóná gbogbo abọ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi lójoojúmọ́, ẹ yọ òkú kúrò ní wákàtí 24, 48 àti 72, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti ẹja àrọ̀, Clarias gariepinus, ẹ dáwọ́ dúró ní 72 bí ẹ kò bá fún wọn lóúnjẹ, torí àpò pupa ẹyin wọn á ti tán nígbà náà, ebi á wá máa pa àwọn tí mẹ́táàlì kò pa. Trout lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kódà ó yẹ kí ó pẹ́ títí tí wọ́n á fi gbéra wá oúnjẹ.

Bí ju méjì lọ bá kú nínú ogún nínú omi tó dára, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ tún un ṣe, torí ẹyin tàbí ọwọ́ ni ó ní àlébù. Bí omi tí ẹ ń fura sí bá pa wọ́n, tí ti EDTA kò pa wọ́n, mẹ́táàlì ni. Bí méjèèjì bá pa wọ́n bákan náà, kì í ṣe bàbà, ẹ lọ wo kílóríìnì, amóníà àti atẹ́gùn kí ẹ tó ra kíìtì mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì kú, ẹ rọra ta omi kán sí abọ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 48, kí ẹ wo abọ́ tí ọmọ rẹ̀ kò sá.